Iyùn Tó Dorí Kodò

Nígbà tí bóòtù funfun náà yọ lẹ́yìn erékùṣù kejì, àwa mẹ́rin tí wọ́n yàn láti pàdé àlejò ti tò sí èbúté. Liusha, ọ̀rẹ́ mi, gbé àwo táwẹ́ẹ̀lì tútù dání. Èmi gbé omi àgbọn, mo sì ń fà sẹ́yìn wọn.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Liusha sọ ọ́ sí mi létí. "Arúgbó kan ṣoṣo ló ń bọ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá."

"Ó sàn kó jẹ́ ọlọ́pàá," ni mo fèsì.

Liusha nìkan ló mọ ohun tí mo ṣe. Ó fi ìgúnpá gún mi níhà. "Wáláì, Shaufa, ojú rẹ yìí ló máa tú àṣírí ẹ. Rẹ́rìn-ín, jàre! Ta ló ń dá iyùn mọ̀ lójú? Gbogbo wọn ò jọra ni?"

Ìyáàfin Leela Kurian sọ̀kalẹ̀ nínú bóòtù náà fúnra wọn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ní Kochi, ní ilẹ̀ India, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn àti ọkọ wọn ni wọ́n jọ wá sí ilé ìtura wa. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn nìkan ni. Wọ́n gba omi àgbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ka orúkọ tó wà láyà aṣọ mi.

"Ìwọ ni Shaufa tó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí ọkọ mi so. Omi tí mo ti mu, ó kún àgbá."

Gbogbo èèyàn tó wà ní èbúté rẹ́rìn-ín. Èmi náà la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ̀, kò jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo dára ju bí mo ṣe rí lọ.

Ilé ìtura wa ní ẹ̀ka márùn-ún, mẹ́ta ní Maldives níbí, méjì ní Sri Lanka. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a máa ń gbin iyùn, èyí tó wà láàyè, tó ń hù lábẹ́ òkun bí ẹ̀ka igi. A máa ń tẹ irin bí àgò adìyẹ, àlejò á wá fi okùn ike so ẹ̀ka iyùn kéékèèké mọ́ ọn. A ó so nọ́ńbà àti àwo orúkọ àlejò náà mọ́ àgò, a ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú omi kó máa dàgbà. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, a ó ya àwòrán rẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ sí olúwa rẹ̀ níbikíbi tó bá wà láyé. Ẹ̀gbọ́n Thoha ni olórí iṣẹ́ náà. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, ni mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá lo ọdún méjì láìní àbùkù yóò gba ìwé ẹ̀rí, wọn yóò sì gbà á síṣẹ́. Ní Hurafushi, erékùṣù wa, ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun máa tó di ọ̀gá lábẹ́ òkun.

Àgò ọgọ́ta ni ti àwọn Kurian. Ọjọ́ tí wọ́n ń so ó, èmi ni mo ń na okùn ike sí wọn. Baba náà, Jacob lorúkọ wọn, mú ẹ̀ka iyùn kan, wọ́n so ó pinpin, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó kọjú sókè ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀.

"Jacob, o ti so ó dorí kodò," ni ìyàwó wọn wí.

"Jẹ́ kó dorí kodò," ni baba fèsì. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni ayé mi ti dorí kodò. Ṣé mi ò dàgbà ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. A gbé àgò náà sọ̀kalẹ̀, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, òkun gbóná bí omi ìwẹ̀ ọmọ. Bí omi bá gbóná bẹ́ẹ̀, iyùn á funfun bí egungun, bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, á kú. Ẹ̀gbọ́n Thoha kọ nọ́ńbà àgò méjìlá tó wà níbi tí omi kò ti jìn, wọ́n sì fún mi níwèé náà. "Gbé gbogbo wọn lọ sí ibú lónìí," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ọ̀la o. Òní."

Mo gbé mọ́kànlá. Ó ku ọgọ́ta nìkan nígbà tí mo gbọ́ ohùn Liusha láti èbúté.

"Shaufa! Bóòtù kò ní dúró dè ẹ́ o!"

Ọjọ́ náà ni àṣekágbá eré bashi ní Hurafushi. Àwa obìnrin la máa ń ṣe é: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á kẹ̀yìn sí yín, á fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá a gba orí ara rẹ̀ kọjá, ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì ẹ ó máa fi ọwọ́ lásán hán an. Kò sẹ́ni tó ń hán bọ́ọ̀lù tó mi nínú ẹgbẹ́ wa, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan!" ni mo kígbe.

"Ẹyọ kan! Ṣé ẹyọ kan ló máa sọ òkun di aṣálẹ̀? Ọ̀la ò ní mọ́ ni? Àbí o fẹ́ kí ìyá àgbà mi wá hán bọ́ọ̀lù?"

Mo fa ìlà sí nọ́ńbà ọgọ́ta lórí ìwé náà, bí ẹni pé mo ti gbé e. Mo sáré wọ bóòtù. A borí. Bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni mo hán, wọ́n sì gbé mi sọ́rùn.

Ní ọjọ́ kejì, ìjì dé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a kò fi lè wọ omi. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ àgò ọgọ́ta, ó ti funfun láti òkè délẹ̀. Mo wá gbé e lọ sí ibú, mo sì ń gbàdúrà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé òkun ti bò ó, ó ti kú. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n lọ bá Ẹ̀gbọ́n Thoha. Ìbáwí ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Àmọ́ ìlà tí mo fà sórí ìwé ń bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun lọ, nítorí irọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni.

Mo yọ nọ́ńbà àti àwo orúkọ àwọn Kurian kúrò lára àgò tó kú, mo so wọ́n mọ́ òmíràn tó rẹwà, tí kò tíì ní olúwa. Mo wọ́ èyí tó kú lọ sí abẹ́ èbúté àtijọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Nígbà tó di oṣù keje, mo ya àwòrán èyí tó rẹwà, mo sì fi ránṣẹ́ sí Kochi.

Lẹ́tà wọn dé ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀gbọ́n Thoha kà á sókè: "Ọkọ mi Jacob ti dágbére fáyé. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ dé kó tó lọ, ó sì wò ó pẹ́. Mo ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́. Màá wá." Omi lé ròrò sójú wọn. "Ṣé o rí i, Shaufa? Ìdí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyí."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá rí baba arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín létí òkun, màá gba ọ̀nà míì. Síbẹ̀, nígbà tí oṣù kìn-ín-ní pé, mo tún ya àwòrán, mo tún fi ránṣẹ́. Kì í ṣòro fún ẹsẹ̀ tó ti wọ ẹrẹ̀ láti tún wọ̀ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Ìyáàfin Kurian dé, a wọ omi. Ẹ̀gbọ́n Thoha wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, èmi wà lósì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Nígbà tí a dé orí àgò tí mo fi rọ́pò, wọ́n na ara sórí omi, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n sì ń wò. Ẹja aláwọ̀ òféfèé ń wọlé, wọ́n ń jáde láàárín iyùn náà. Ìyáàfin Kurian yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n yọ ọ̀pá èémí kúrò lẹ́nu.

"Ó rẹwà gan-an," ni wọ́n wí. "Èyí tó dorí kodò dà?"

Òtútù mú mi nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àṣé mo ti gbàgbé ohun kan ṣoṣo tí kò yẹ kí n gbàgbé.

Ẹ̀gbọ́n Thoha rì lọ sísàlẹ̀, wọ́n wo àgò náà yí po, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí a dé èbúté, wọ́n ṣí ìwé ńlá tí a máa ń lẹ àwòrán ọjọ́ ìgbìn sí. Àgò ọgọ́ta ní ẹsẹ̀ irin mẹ́fà. Èyí tí a wá wò ní mẹ́jọ.

"Mà, kì í ṣe tiyín nìyí," ni wọ́n wí, ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni ìwé yìí wà. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo so àwo orúkọ mọ́ ibi tí kò yẹ."

Ìyáàfin Kurian wo Ẹ̀gbọ́n Thoha, wọ́n sì wò mí. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mò ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Máníjà ti fẹ́ fi Ẹ̀gbọ́n Thoha ṣe olórí iṣẹ́ iyùn ní gbogbo ẹ̀ka márààrún lóṣù tó ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo gbé ìwé ńlá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹni tí kò lè tọ́jú àwo orúkọ kan, òun la fẹ́ fún ní erékùṣù márùn-ún? Ẹ jẹ́ kí n tún un rò." N kò gbọ́ kí Ẹ̀gbọ́n Thoha, tí wọ́n dúró níwájú rẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ kan láti gbèjà ara wọn.

Liusha bá mi nílé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, níwájú omi ọbẹ̀ ẹja tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. "Orí yọ ẹ́!" ló wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ̀gbọ́n ti gbé e rù. Wọn ò ní lé e, àgbà òṣìṣẹ́ ni. Ìwọ ni wọ́n máa lé. Ó sì ku oṣù méjì péré kó o gba ìwé ẹ̀rí. Dákẹ́ jẹ́ẹ́."

"Liusha, ọkùnrin yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

"Mo mọ̀! Ṣé o wá fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ ṣe ara ẹ ni?"

"Mo ti fi ṣe é tipẹ́," ni mo fèsì. Mo dìde.

Ẹ̀gbọ́n Thoha jókòó sídìí ilé bóòtù, wọ́n ń tú okùn tó ta kókó. Wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n rí mi. "Má banú jẹ́, Shaufa. Nígbà míì, àgbà náà máa ń ṣe àṣìṣe."

Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ló fọ́ mi sí wẹ́wẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: àgò méjìlá, ìlà tí mo fà, ìjì, àwo orúkọ, abẹ́ èbúté àtijọ́. Nígbà tí mo parí, wọn kò gbé ojú sókè kúrò lára okùn náà.

"Nítorí bashi?"

"Nítorí bashi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Bọ́ọ̀lù mélòó lo hán?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ó yẹ kó o hán mẹ́wàá," ni wọ́n wí, wọ́n sì ju okùn náà sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìbínú tí wọ́n fi hàn mí, ó sì dùn mí ju ẹgba lọ. "Dìde. Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀ jù."

Ìyáàfin Kurian wà lórí àga níwájú yàrá wọn tó kọjú sí òkun. Wọ́n gbọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

Mo gbé orí sókè.

"Jacob ló kọ́kọ́ mọ̀. Orí ibùsùn ọsibítù ló wà nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ dé. Ó wò ó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Leela, èyí kì í ṣe tèmi. Tèmi dorí kodò. Ọmọ kan ló ń bẹ̀rù níbẹ̀. Má kọ̀wé fẹjọ́ sùn, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.' Mo ṣe bó ṣe wí. Mo ní màá wá, màá béèrè lẹ́ẹ̀kan, màá sì dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dárí jì mí."

"Ọkọ mi ti dárí jì ọ́ kó tó kú. Èmi ò tíì ṣe tán." Wọn kò pariwo. "Pé iyùn náà kú kọ́ ló dùn mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sin òkú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Jacob lọ, gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń bi ara mi pé, ṣé ohun tó so yẹn wà láàyè ni, àbí ó ti kú? Ibo ló wà? Ìwọ mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ní gbogbo ayé, o ò sì sọ fún mi." Wọ́n dìde. "Ó yá, Shaufa. Mú mi lọ síbẹ̀."

Mo ṣàkíyèsí pé wọn kò pè mí ní ọmọ wọn mọ́.

Lábẹ́ èbúté àtijọ́, omi kò ju ìbàdí lọ. Ẹ̀gbọ́n Thoha àti èmi yí àgò náà padà kúrò nínú yanrìn. Ó ti rí bí eérú, ewé òkun bò ó. Ìyáàfin Kurian fi ọwọ́ wá a títí tí ọwọ́ wọn fi ba ẹ̀ka kan tó kọjú sílẹ̀. Okùn ike tí ọkọ wọn fà pinpin ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Thoha, wọ́n gé okùn náà, wọ́n so ó sí etí sárì, aṣọ ilẹ̀ India tí wọ́n wé mọ́ra. Wọ́n gba okùn tuntun, wọ́n fi so iyùn tó ti kú náà padà sí àyè rẹ̀, dorí kodò, bí baba ṣe so ó.

"Ya àwòrán rẹ̀," ni wọ́n sọ fún mi. "Bó ṣe rí gan-an."

Mo yà á. Omijé kò jẹ́ kí n rí ohun tí mò ń yà dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, máníjà fún mi níwèé ìdádúró. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Thoha gba ipò wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Liusha sunkún ní èbúté, ó ní ẹ̀bi òun ni. Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀: òun pè mí, àmọ́ èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nísinsìnyí mo ti padà sílé-ìwé, mo ń jókòó pẹ̀lú àwọn tí mo dàgbà jù, wọ́n sì ń pè mí ní Ọ̀gá Abẹ́ Òkun. Mo ń dáhùn, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo kọ́ kò lọ́jú pọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ kò bá ṣe, ẹ sọ lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ kò ṣe é, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré. Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tiẹ̀ rìn tó ọdún kan kí òtítọ́ tó bá a, ṣùgbọ́n láàárín àkókò yẹn, opó kan ń jí lójoojúmọ́ láìmọ ibi tí nǹkan ọkọ rẹ̀ wà, ẹni tí kò ṣẹ̀ sì fẹ́ gba ìyà mi jẹ. Ìjẹ́wọ́ mi gba ẹ̀gbọ́n mi là, kò sì jí iyùn náà dìde.

Ẹ̀gbọ́n Thoha ti gbé àgò ọgọ́ta lọ sí ibú. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n máa ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi ni mò ń kọ̀wé sí Kochi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ pé: "Kò sí ohun tó hù, Mà." Èsì kò dé. Ní ìgbà kejì, mo kọ ọ́ pé: "Kò sí ohun tó hù síbẹ̀, Mà, ṣùgbọ́n ẹja kékeré méjì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé."

Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò ju ìlà kan lọ.

"Ọmọ mi, mo ti rí i. O ṣeun tí o sọ òótọ́ fún mi."